Etí Akéwì, Etí Òpìtàn: Iṣẹ́ Catherine Acholonu lórí Orírun Ọ̀rọ̀

Ní ọjà Arzèkè ní Parakou, níbi tí Nàgó, Bàrìbá, Dendi àti Fọ̀n ti ń bá ara wọn nájà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, díẹ̀ ni orúkọ ìlú tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí àlejò bá bèèrè ìdí tí a fi ń pe abúlé kan ní orúkọ tí ó ń jẹ́, Nàgó yóò fi ọ̀rọ̀ Nàgó tú u, Bàrìbá yóò fi ọ̀rọ̀ Bàrìbá tú u, Dendi yóò sì fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ tirẹ̀. Eré ìdárayá ni èyí níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ọjà. Nígbà tí ó bá kúrò ní ọjà tí ó di ìwé, tí a sì fi ìwé náà kọ́ ọmọdé pé ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀ nìyí, ó ti di ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ èdè yẹ̀ wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní Nikki àti ní Busa, ìtàn Kisira ni a fi ń sọ bí ìdílé àwọn ọba Bọ̀rgú ṣe ti ìlà-oòrùn wá. Kisira yìí sì bá orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fi ń pe ọba Páṣíà láyé àtijọ́ mu. Ní ìhà Ọ̀yọ́, Samuel Johnson, nínú ìwé tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ títí di 1921, kọ ìtàn Lámúrúdu ọba Mẹ́kà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á tán. Ní 1948, J. Olumide Lucas gbé ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì to orúkọ òrìṣà àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lọ bẹẹrẹ láti fi hàn pé láti Íjíbítì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Cheikh Anta Diop mú nínú àlàyé Lucas sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Paris ní 1954, láti ibẹ̀ ni ó sì gbà dé etí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàwé ní èdè Faransé. Ohun kan ni gbogbo wọn fi jọra: ibòmíràn ni ọlá ti wá.

Catherine Obianuju Acholonu, akéwì àti òpìtàn ọmọ Ígbò tí ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2014, yí ojú ọ̀nà náà padà. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe pé Ígbò ti Íjíbítì wá, Íjíbítì ni ó jẹ Ígbò ní gbèsè. Ojú ọ̀nà yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni ó wọ̀: ìjọra ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ fi kan àwọn tí ó ń kọ́ ni ní èdè Nàgó bí ó ti kan àwọn ará Orlu tí wọ́n bí i.

Ní 1951 ni a bí i ní Orlu, ní ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Imo lónìí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Bìáfúrà parí ní 1970. Jámánì ni ó ti kàwé, ní Yunifásítì Düsseldorf, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1982, tí ó sì padà sílé láti kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Alvan Ikoku ní Owerri. Ní 1985 ó gbé ìwé ewì méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: The Spring's Last Drop àti Nigeria in the Year 1999. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé nígbà tí ọdún 1999 náà dé, òun gan-an ni ó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ Ọbásanjọ́ lórí iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Ní 1995 ó kọ ìwé Motherism, èyí tí ó fi bá àwọn obìnrin Òyìnbó tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin jiyàn, tí ó sì fi ipò ìyá ṣe òpó ìrònú tirẹ̀. Ìwé náà ní àwọn tí ó gba tirẹ̀ àti àwọn tí kò gbà. Kò kan ohun tí à ń wí níbí.

Ewì rẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ kà, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ti hàn kedere. Nínú ewì tí ìwé The Spring's Last Drop gba orúkọ rẹ̀, obìnrin kan ń ru ìkòkò omi láti ìsun gun òkè gàgàrà. Omi ìkẹyìn ni. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ, ó tán. Obìnrin náà pe orúkọ ara rẹ̀ nínú ewì náà, Obianuju, orúkọ akéwì gan-an. Ẹni tí ó wá nígbà ọ̀pọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Ígbò. Ẹni tí a sọ ní ọmọ ọ̀pọ̀ ni ó ń ṣọ́ ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tí ó kù, tí ó sì ń pinnu pé àwọn ọmọ òun kò ní ṣe aláìní. Kò sí àlàyé kankan tí akéwì ṣe. Ó kàn jẹ́ kí orúkọ náà la ẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Ígbò yóò rí obìnrin àti omi. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rí orúkọ àti àyànmọ́ tí ó ń bá ara wọn jà. Ó dára gan-an. Kò yani lẹ́nu pé Stella àti Frank Chipasula mú un mọ́ àwọn akéwì tí wọ́n kó jọ sínú ìwé ewì àwọn obìnrin Áfíríkà tí Heinemann tẹ̀ ní 1995.

Agbára tí ewì yìí ní kò yàtọ̀ sí èyí tí oríkì ní. Akígbe tí ó ń ki ọlọ́lá kì í bèèrè bóyá ìtumọ̀ tí òun fún orúkọ jẹ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní. Ohun tí orúkọ náà lè sọ lónìí ni ó ń wá. Bí orúkọ kan bá lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò lò, yóò sì jàre. Ibi tí Acholonu ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé ó mú ẹ̀tọ́ tí akígbe ní wọ inú iṣẹ́ òpìtàn.

Ṣùgbọ́n kò ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn lámèyítọ́ kò sì ṣe ìdájọ́ òdodo lórí èyí. Ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó lókìkí ni The Igbo Roots of Olaudah Equiano, tí ó jáde ní Owerri ní 1989. Equiano ni ẹrú tí ó ra ara rẹ̀ padà tí ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní London ní 1789. Ó sọ nínú ìwé náà pé ìlú kan tí ó ń jẹ́ Essaka ni a ti bí òun, ní àfonífojì kan tí ó jìnnà sí etíkun. Níbo ni Essaka wà? Ní 1967, G. I. Jones wá a sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Odò Ọya, lọ́dọ̀ àwọn Ígbò Ìka. Acholonu ní Isseke ni, ìlú kan ní agbègbè Ihiala, ó sì lọ síbẹ̀. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó bèèrè ìtàn ìdílé, ó kọ orúkọ àwọn baba àti baba baba sílẹ̀, ó sì sọ pé òun rí ìdílé tí Equiano ti jáde.

S. E. Ogude, tí ó ti ń ṣiyèméjì nípa apá tí ó jẹ́ ti Áfíríkà nínú ìwé Equiano láti ọdún mélòó kan ṣáájú, kọ èsì ní ọdún kan náà, àkọlé èsì náà sì wí pé kò sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìṣirò ọdún kì í gba irú iṣẹ́ báyìí láàyè. Láti nǹkan bí 1745 tí Equiano sọ pé a bí òun títí di ìgbà tí Acholonu ń ṣèwádìí, ó ju 230 ọdún lọ. Bí a bá fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ọdún, ìran bíi mẹ́jọ ni yóò wà láàárín. Ìtàn ìdílé tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ń gbé ayé ju bí ènìyàn ti í gbé e lọ. Síbẹ̀, lílọ tí ó lọ kì í ṣe ohun àbùkù. Nígbà tí àwọn mìíràn jókòó sí ilé ìkówèésí tí wọ́n ń fi máàpù jiyàn, òun gba ẹnu àwọn tí ó ń sọ èdè náà. Ó yẹ kí á yìn ín fún èyí kí á tó bá a wí.

Ohun tí ó ṣe ni ní kàyéfì ni pé ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà nínú ìwé Equiano fúnra rẹ̀, ẹ̀rí èdè sì ni. Ọ̀rọ̀ Ígbò tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì kọ àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n dúró gbọn-in. Ó ní baba òun ní ilà ọlá tí a ń pè ní Embrenche, tí a ń bu sí iwájú orí. Ichi ni Ígbò ń pe ilà náà, ìgbú ichi ni bíbù ú, ẹni tí ó bu ú sì ni mgburichi; ẹnu ẹni tí ó ti pẹ́ láàárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di Embrenche. Ó ní Ah-affoe ni ọdún. Afọ ni títí di òní. Ó ní Olaudah túmọ̀ sí ẹni tí ohùn rẹ̀ dún ketekete, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ụda sì ni ìró tí ń dún ní èdè Ígbò. Kíyè sí i pé ìtumọ̀ tí Equiano fúnra rẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ìró wọn lọ. Kì í ṣe olùwádìí ni ó wá ìtumọ̀ náà lẹ́yìn igba ọdún. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí.

Ní 1999, Vincent Carretta tẹ àwọn ìwé àkọsílẹ̀ méjì tí ó rí jáde fún gbogbo ayé. Ọ̀kan ni ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret ní Westminster, ní oṣù kejì ọdún 1759. Ó sọ pé Carolina ni a ti bí ọmọ náà. Èkejì ni ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ ní 1773, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sí òkun yìnyín, ó sì sọ bákan náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni Equiano, ó sì gbọ́ ìtàn Áfíríkà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ni. Paul Lovejoy dáhùn ní 2006 pé ẹ̀rí tí ó wà nínú ìwé Equiano ṣì wúwo jù. Èdè nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Mgburichi àti afọ fi hàn pé ẹni náà gbọ́ Ígbò tàbí pé ó gbé pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ ọ́. Wọn kò lè sọ àkéte tí a bí i sí. Acholonu ìbá ti ṣe ara rẹ̀ lóore bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí ni òun náà dúró sí.

Kò dúró. Ní 2005 ó gbé The Gram Code of African Adam jáde, ní 2009 They Lived Before Adam, ní 2010 The Lost Testament of the Ancestors of Adam. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, kì í ṣe ìdílé kan ni ó ń wá mọ́, orírun gbogbo ènìyàn ni. Èdè Ígbò ni ìyá, ó ní ọmọ rẹ̀ ni èdè Íjíbítì, ti Kénáánì, ti Sumeri. Ẹ̀rí rẹ̀ sì ni pé ọ̀rọ̀ ibí jọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àwọn tí ó kà wọ́n pọ̀, nítorí pé ó mọ ìwé kọ, nítorí pé ó sì fún wọn ní ohun tí ìwé ilé-ìwé kò fún wọn.

Kí ni ó burú nínú ìjọra? Òun tí ó kàwé ní Jámánì mọ ọ̀rọ̀ Feuer, iná. Àwọn tí ó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ mọ feu, iná pẹ̀lú. Ìró jọra, ìtumọ̀ bára mu, àwọn èdè méjèèjì sì jẹ́ ìbátan. Síbẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jẹ́ nǹkan kan sí ara wọn. Feu ti inú focus jáde, èyí tí í ṣe ààrò ní èdè Látìn, kí ààrò tó di iná lẹ́nu àwọn ará Faransé. Gbòǹgbò mìíràn ni Feuer ní. Bí irú nǹkan báyìí bá lè ṣẹlẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì tí ìwé wọn ti pẹ́, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín Orlu àti Sumeri?

Ohùn tún wà níbẹ̀. Ní èdè Ígbò, ákwá ni ẹkún, ákwà ni aṣọ, àkwá ni ẹyin, àkwà ni ibùsùn. Ẹni tí ó bá kọ akwa lásán, tí ó wá ń wá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kiri nínú èdè àtijọ́, ti fún ara rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin dípò ọ̀kan. Bí kò bá rí ẹkún yóò rí ẹyin. Yorùbá tí ó bá fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò bá ìwé Lucas dọ́gba ní ọ̀sẹ̀ kan. Kódà Diop àti Théophile Obenga, nígbà tí wọ́n lọ sí ìpàdé UNESCO ní Cairo ní 1974 láti gbèjà Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, gbìyànjú láti fi hàn pé ìró ń bá ìró lọ déédéé láti ọ̀rọ̀ kan dé òmíràn. Wọn kò yí gbogbo onímọ̀ lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó yẹ kí a bi àwọn. Nínú àwọn ìwé tí Acholonu kọ gbẹ̀yìn, ìbéèrè náà kò wáyé.

Ó dunni, nítorí pé iṣẹ́ gidi wà nílẹ̀ tí ìbá fún un láyọ̀, tí ó sì kan Ígbò àti Nàgó papọ̀. Etí ní Yorùbá, ńtị̀ ní Ígbò. Ẹnu, ọ́nụ́. Imú, ímí. Ẹta, àtọ́. Gbé ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ànọ́, ẹran sí ẹ̀gbẹ́ ánụ́: níbi tí Yorùbá ti ní r ṣáájú fáwẹ̀lì àránmúpè, n ni Ígbò ní. Ọ̀rọ̀ méjì kò tó láti fi òfin múlẹ̀. Àfi kí a to púpọ̀ sí i, kí a mú ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà, Ìfẹ̀ ti Togo àti Mọ̀kọ́lé ti Kandi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n irú ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn: ìyàtọ̀ tí ó ń padà wá bákan náà. Ìjọra lásán kò sọ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tí ó bá ní ìlànà ni ó ń sọ ìtàn ìbátan. Nínú ìwé tí Joseph Greenberg gbé jáde ní 1963, Yorùbá àti Ígbò wà lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn tí ó tẹ̀lé e yí orúkọ òrùlé náà padà, wọn kò tú ilé náà ká. Ìtàn tí ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni, ilẹ̀ yìí ni ó sì ti ṣẹlẹ̀, kò nílò Sumeri.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Acholonu nìkan. Láàárín 1963 àti 2009, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kọ púpọ̀, fún ara wọn. Mélòó ni ìwé tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Parakou tàbí ní Orlu lè ṣí, kí ó sì rí ibi tí èdè rẹ̀ ti wá, ní ọ̀rọ̀ tí yóò yé e? Akéwì rí àyè tí ó ṣófo, ó jókòó sí i. Àwọn tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò bèèrè ìdí tí àwọn òǹkàwé fi tò sílé rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò yẹ kí ó bá ìyókù lọ, òun ni àwọn òkúta Ikom, ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ 300 níye, pẹ̀lú ojú, imú, ìdodo àti àmì lóríṣiríṣi. Philip Allison ti kọ ìwé lé wọn lórí ní 1968. Acholonu sọ pé ìwé kíkọ ni àwọn àmì náà, ó sì sọ ohun tí wọ́n wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbé lé ìwọ̀n, nítorí pé ẹni tí yóò ka àmì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyé àti èyí tí ó máa ń tẹ̀lé èyí, kí ẹlòmíràn tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lè tún un kà. Síbẹ̀ ó mú ọ̀pọ̀ òǹkàwé tí kì bá tí gbọ́ orúkọ Ikom láé mọ̀ pé àwọn òkúta náà wà. Ní 2007, Nàìjíríà fi wọ́n sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ní Alok, wọ́n dúró ní agbo, wọ́n kọjú sí ara wọn, òjò àti oòrùn sì ń jẹ àwọn àmì náà lára wọn.